Ẹgbẹ́ Ìjọ àti Ìpìlẹ̀ṣẹ̀ Eré Orí Ìtàgé Yorùbá: Ta Ni Ó Ni Iṣẹ́ Ọnà Náà?

1.0 Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ lórí ìpìlẹ̀ṣẹ̀ eré orí ìtàgé Yorùbá òde òní ti di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Apá kan gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn eléégún alárìnjó ni ó ti ṣẹ̀ wá. Apá kejì gbà pé inú ilé ìjọsìn onígbàgbọ́ ni a ti bí i. Joel Adédèjì, tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969 dá lórí alárìnjó, ni ó tún kọ àpilẹ̀kọ méjì, ní 1971 àti 1973, lórí ipa tí ìjọ kó nínú ìdìde eré orí ìtàgé ní Nàìjíríà láti 1866 títí di 1945. Ẹ̀bùn Clark gbé ìwé jáde lórí Hubert Ògúǹdé ní 1979. Bíọ́dún Jéyìfò náà gbé tirẹ̀ jáde ní 1984 lórí àwọn eléré Yorùbá tí ń rìn láti ìlú dé ìlú. Ìmọ̀ tí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí fi lélẹ̀ kò kéré, kò sì sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lórí kókó yìí tí kò ní í gbé ẹsẹ̀ lé orí èyí tí wọ́n ti là sílẹ̀.

Síbẹ̀, bí wọ́n ti yàtọ̀ síra tó, orí olórí eré ni ìtẹnumọ́ sábà máa ń wà. Bí a bá gbé ìjọ lékè, ẹni tí ó jáde kúrò nínú ìjọ ni a ó dárúkọ. Bí a bá gbé alárìnjó lékè, ẹni tí ó jogún alárìnjó ni a ó dárúkọ. Ohun tí ó wà láàárín ìjọ àti ẹni kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́, kì í sábà rí ju ẹsẹ̀ kan tàbí méjì gbà nínú ìtàn náà.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹgbẹ́ inú ìjọ gan-an ni ó ni iṣẹ́ ọnà náà ní ìbẹ̀rẹ̀; pé ọ̀pọ̀ nínú àbùdá eré náà kò lè yé ni dáadáa láìwo ẹgbẹ́; àti pé nígbà tí olórí eré fi ìjọ sílẹ̀, ohun ìní ẹgbẹ́ ni ó gbé lọ sí ọjà. Kì í ṣe láti bu ọlá àwọn àgbà eléré kù ni a ṣe sọ èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé lámèyítọ́ tí kò bá mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ kò lè ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ.

2.0 Ohun Tí Ẹgbẹ́ Jẹ́ Nínú Ìjọ

Kí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ tó dé ni Yorùbá ti ń kẹ́gbẹ́. Àwọn tí a bí ní sáà kan náà a máa wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ọdẹ, ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ náà ní tiwọn. Nígbà tí ìjọ fìdí múlẹ̀, àṣà yìí bá àwọn onígbàgbọ́ wọlé. Nínú ìjọ kan ṣoṣo, Ẹgbẹ́ Akọrin wà, Ẹgbẹ́ Ìyá wà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ọ̀rẹ́ àti ojúgbà dá sílẹ̀ fúnra wọn wà pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìyá ẹgbẹ́ tàbí bàbá ìsàlẹ̀, ó ní akọ̀wé àti akápò, ó ní ọjọ́ ìpàdé àti owó ìtanràn fún ẹni tí ó bá pẹ́ dé. Ẹgbẹ́ ni ó ń bá ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, òun ni ó sì ń bá a sin òkú.

Ọjọ́ ìkórè ni agbára ẹgbẹ́ máa ń hàn jù. A ó pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò dìde nínú aṣọ kan náà. Orin tí wọ́n ti ń kọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọn yóò gbé sókè. Ijó ni wọn yóò sì fi gbé ọrẹ wọn dé iwájú pẹpẹ, nígbà tí gbogbo ìjọ ń wò wọ́n, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wé ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Ìsìn ni èyí, kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí eré fẹ́ lò tí kò sí níbẹ̀: ìwọlé àti ìjáde, aṣọ tí ó yà àwọn òṣèré sọ́tọ̀, orin àti ijó tí a ti fi ara balẹ̀ kọ́, àti òǹwòran tí ó mọ ohun tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí àwọn òṣèré àkọ́kọ́ nínú ìjọ ti kọ́ bí a ti í dúró níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní láti wá a lọ títí.

Agbára ẹgbẹ́ láti dá nǹkan sílẹ̀ kò mọ sí orin nìkan. Ní 1918, ẹgbẹ́ àdúrà kan tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ó di 1922, ẹgbẹ́ náà kò sí nínú ìjọ náà mọ́. Ní 1925, Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọwọ́n bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Séráfù ní Èkó. Ẹgbẹ́ àdúrà ni òun náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń lọ sí ìjọ tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí di ìjọ. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ eré: nínú ọ̀ràn àdúrà, ẹgbẹ́ odindi ni ó jáde. Nínú ọ̀ràn eré, bí a ó ti rí i, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà.

3.0 Èkó àti Ìsìn Orin

Ní Èkó ni ìtàn yìí ti hàn kedere jù. Ìjọ tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ fún ara wọn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1891. Ìjọ Áfíríkà tẹ̀lé e ní 1901. Lára ohun tí àwọn ìjọ wọ̀nyí ń jà fún ni pé kí èdè, orúkọ, aṣọ àti orin Yorùbá rí àyè nínú ìjọsìn. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ inú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré. Ọ̀kan nínú èyí tí Adédèjì ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni eré lórí ọba Ẹlẹ́jìgbò àti ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Abẹ́jẹ, tí D. O. Oyèdélé kọ. Orúkọ àwọn tí ó ṣe eré náà ni ó yẹ kí a fi ojú sí: Ẹgbẹ́ Ìfẹ́. Orúkọ yìí kò fi ibì kankan jọ orúkọ ilé iṣẹ́ eléré. Orúkọ tí ọ̀rẹ́ àti ojúgbà nínú ìjọ máa ń sọ ara wọn ni.

Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1930 àti 1940, irú ètò kan tí a ń pè ní ìsìn orin ti gbilẹ̀ ní Èkó, tí àwọn bí A. B. David àti G. T. Onímọ̀lẹ̀ jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú rẹ̀. Ìtàn inú Bíbélì ni a sábà máa ń fi orin sọ, owó tí a bá sì rí a máa lọ sí àpò ìjọ. Àwọn lámèyítọ́ ti sọ pé ìsìn orin wọ̀nyí kò ní ìṣeré púpọ̀ nínú, pé dídúró ni àwọn akọrin máa ń dúró kọrin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó láti ojú ẹgbẹ́, àléébù yìí ní ìtumọ̀. Ẹgbẹ́ kì í fi ẹnì kan ṣáájú débi tí àwọn yòókù yóò fi di òǹwòran. Bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá ní láti wà lójú agbo, tí gbogbo wọn sì ní láti gbóhùn, ègbè ni yóò gba ipò iwájú, ìṣeré ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì wà lẹ́yìn. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe ni ó mú kí ìsìn orin rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ti ń pín iṣẹ́ láàárín ara rẹ̀ ni ó hàn nínú rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dá ìtàn. Nínú eré tí ẹgbẹ́ ìjọ bá gbé kalẹ̀, ipò tí ènìyàn wà nínú ìjọ a máa ní ọwọ́ nínú irú ẹ̀dá tí yóò ṣe. Àgbà ni a ó fún ní Ábúráhámù. A kì í sì í fi tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn rí ẹni tí yóò ṣe Sátánì. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé àwọn ẹ̀dá inú irú eré bẹ́ẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ ìwà ju ènìyàn ẹlẹ́ran-ara lọ. Ipa yìí kò parí nínú ìjọ. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí òun náà jẹ́ tíṣà tí ó ti ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ìjọ ṣe eré, gbé Ìfẹ́ Owó kalẹ̀, orúkọ eré náà fúnra rẹ̀ ti fi ibi tí ó ti wá hàn.

4.0 Ohùn Orin àti Ohùn Ọ̀rọ̀

Ibi tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti jinlẹ̀ jù, tí a kò sì fún un ní iyì tó, ni ọ̀rọ̀ orin. Orin tí àwọn míṣọ́nnárì kó wá ní ohùn tirẹ̀. Èdè Yorùbá náà sì ní tirẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn orin Òyìnbó láìfiyè sí i, igbá lè di ìgbà, ọkọ́ lè di ọkọ̀, àdúrà tí ènìyàn sì ń gbà lè di ohun tí kò ní lọ́kàn. Ekúndayọ̀ Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, ṣe àlàyé ìṣòro yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. Ṣáájú rẹ̀ ni àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta ti ń ṣe orin ìgbàgbọ́ tí ó bá ohùn èdè mu. Ní 1922, a gba púpọ̀ nínú orin rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀mọ̀wé nínú orin ni àwọn wọ̀nyí, orúkọ wọn kò sì lè parẹ́. Ṣùgbọ́n nínú Ẹgbẹ́ Ìyá ti ọ̀pọ̀ ìjọ, àwọn obìnrin tí kò ka ìwé orin rí ni ó ń dá orin sílẹ̀ fún ọjọ́ ìkórè, ìdúpẹ́ àti ìsìnkú. Ẹnì kan yóò lé e, àwọn yòókù yóò gbè é. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá dùn lẹ́nu, ẹlòmíràn yóò pààrọ̀ rẹ̀ kí ìpàdé tó parí. Nítorí pé ẹnu ni wọ́n fi ń dá a, tí kò sí ìwé kankan tí ó ń darí wọn, ohùn ọ̀rọ̀ ni orin wọn ń tẹ̀lé láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní òfin rẹ̀. Ìṣòro tí ọ̀mọ̀wé fi ìwé yanjú, ẹgbẹ́ kò mọ̀ ọ́n sí ìṣòro rárá. Lílé àti ègbè yìí kan náà ni a sì tún ń bá pàdé nínú eré orí ìtàgé, níbi tí olórí eré ti ń lé, tí àwọn òṣèré yòókù ń gbè. Ẹni tí ó bá sọ pé alárìnjó náà ń lé, ó sì ń gbè, kò purọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn òṣèré wọ̀nyí fúnra wọn rìn kí wọ́n tó dé orí ìtàgé gba inú ẹgbẹ́ ìjọ kọjá.

5.0 Ògúǹdé: Láti Ẹgbẹ́ dé Ilé Iṣẹ́

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, 1944, Hubert Ògúǹdé, tí ó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ìjọ Aládùúrà kan tí a ń pè ní Ìjọ Olúwa ni ó ní kí ó ṣe é, kí a lè fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ìjọsìn. Àwọn tí ó kọ̀wé lórí rẹ̀ fi ẹnu kò pé ìṣeré, ijó àti ìmí tí ó wà nínú eré náà mú un yàtọ̀ sí ìsìn orin tí àwọn ará Èkó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n Ògúǹdé ni a sábà máa ń fi ṣe àlàyé ìyàtọ̀ náà. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ṣe é jà níyàn, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú ìjọ Aládùúrà, pípàtẹ́wọ́, jíjó àti fífi gbogbo ara gbàdúrà kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú burúkú wò. Ara ìjọsìn ni. Àwọn ènìyàn tí ara wọn ti mọ ijó níwájú Ọlọ́run ni Ògúǹdé bá pàdé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ akọrin tí a ti kọ́ láti dúró gbọnrangandan ni a fi fún un, ó ṣòro láti gbà pé irú eré kan náà ni ìbá jáde.

Àṣeyọrí eré náà ki Ògúǹdé láyà. Ní 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ eléré tí ó pè ní African Music Research Party sílẹ̀. Ní 1946, fún eré Tiger's Empire, ó polówó pé òun ń wá obìnrin tí yóò fi eré ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Ibí yìí ni ohun tí ẹgbẹ́ ti ń ṣe fún eré láìsí ariwo ti hàn gbangba. Nínú ìjọ, kò sí ẹni tí ń béèrè ìdí tí ìyàwó ilé tàbí ọmọge fi ń kọrin níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó dúró fún un. Ìyá ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ pàápàá lè wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Bí eré ti di iṣẹ́ owó oṣù, ààbò yìí ṣí kúrò lórí rẹ̀; àwọn ènìyàn sì kà á sí iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọ tí a kọ́ dáadáa. Ohun tí owó rọ́pò rẹ̀ níbí ju iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ. Iyì tí ẹgbẹ́ fi ń bo ọmọ ẹgbẹ́ ni, èyí tí owó kò lè rà.

6.0 Ládípọ̀ àti Ìlù Inú Ìjọ

Ní 1961, Dúró Ládípọ̀, tíṣà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, ṣe kàǹtátà ọdún Àjíǹde fún ìjọ Áńgílíkà kan ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ kò fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni a sábà máa ń fi hàn bí ìjà láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́gbọ́n kan àti ìjọ tí kò lajú. Àlàyé yìí rọrùn jù.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù àwọn àgbà ìjọ ní ìdí. Bàtá kò ṣe é yà kúrò lára Ṣàngó, bẹ́ẹ̀ ni ìgbìn kò ṣe é yà kúrò lára Ọbàtálá. Onígbàgbọ́ tí bàbá rẹ̀ fi òrìṣà sílẹ̀ mọ ohun tí ìlù wọ̀nyí ń wí. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé a kò ya ìlù kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Dùndún kì í ṣe ti òrìṣà kan ní pàtó; ó ń ki ọba, ó ń ki olówó, ó sì ń tẹ̀lé oníyàwó lọ sílé ọkọ. Fífi òfin kan náà de gbogbo wọn jẹ́ àìfetísílẹ̀ sí ohun tí ìlù ń sọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, a gbàgbé àwọn tí ó kọ kàǹtátà náà. Kàǹtátà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. A ní láti kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ púpọ̀. Àwọn tí ó bá ìlù náà kọrin ti gbà á kí àwọn àgbà tó kọ̀ ọ́. Nítorí náà, kò tọ́ láti sọ pé ìjọ ni ó kọ ìlù. Apá kan nínú ìjọ ni ó kọ̀ ọ́, apá kan nínú ìjọ kan náà sì ti ń kọrin sí i. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ìjà náà ni pé: nínú ìjọ, ta ni ó ní àṣẹ lórí ohun tí ẹgbẹ́ bá dá sílẹ̀?

Ìdáhùn tí Ládípọ̀ rí ni pé kó bọ́ síta. Ní 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, a ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo. Ọba Kò So tẹ̀lé e ní 1963, ó sì dé ìlú Berlin ní 1964. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ìjọ tí ó bẹ̀rù ìlù òrìṣà ni ó ti ẹni tí ó ń ṣe kàǹtátà Àjíǹde lọ sínú ìtàn Ṣàngó gan-an. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ́tí sí bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń dáhùn ọ̀rọ̀ ọba wọn nínú Ọba Kò So yóò gbọ́ ẹgbẹ́ akọrin níbẹ̀. Koko ọ̀rọ̀ yí padà. Ìlànà kíkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

7.0 Àléébù Iṣẹ́ Ẹgbẹ́

Kò ní í dára kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ẹgbẹ́ kò ní àbùkù. Àkọ́kọ́ ni gígùn. Bí ẹgbẹ́ mẹ́jọ bá wà nínú ìjọ, eré gbọ́dọ̀ ní àyè fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, bí ìtàn náà tilẹ̀ ti parí ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Èkejì ni pé a ti mọ òpin eré kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò ronú pìwà dà tàbí kí ó ṣègbé. Ẹ̀kẹta ni owó. Eré tí a ṣe láti kọ́ ilé tàbí láti ra dùùrù kò lè bí àwọn tí yóò sanwó nínú púpọ̀, nítorí náà ni a kì í ṣeé rí eré ìjọ tí ó ń bá olówó inú ìjọ wí. Níbí ni àwọn tí ó jáde ti ní èrè. Nígbà tí Ògúǹdé bọ́ kúrò lábẹ́ ìjọ ni ó tó lè fi eré bá ìjọba amúnisìn wí.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a fi òṣùwọ̀n gbọ̀ngàn wọn iṣẹ́ ẹgbẹ́. Eré tí ó gùn jù lójú ẹni tí ó san owó ìwọlé kò gùn lójú ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ keje. Lámèyítọ́ ní láti kọ́kọ́ béèrè ẹni tí a ṣe eré fún kí ó tó sọ pé kò dára.

8.0 Ìkádìí

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ègbè tí ó lékè, ẹ̀dá ìtàn tí ó jẹ́ àpẹẹrẹ ìwà, ìwọlé pẹ̀lú ijó àti aṣọ kan náà, àti orin tí ó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, ọwọ́ ẹgbẹ́ ni ó hàn lára gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ àdúrà jáde pọ̀, wọ́n di ìjọ, a sì ń ka ìtàn wọn bí ìtàn ẹgbẹ́. Nínú eré, olórí nìkan ni ó jáde. Àwọn tí ó jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ padà sí ìjókòó wọn nínú ìjọ, ìtàn sì gbàgbé wọn. Nígbà tí Mike Bámilóyè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ eléré ìgbàgbọ́ Mount Zion ní 1985, ọ̀nà kẹta ṣí sílẹ̀: eré kúrò lábẹ́ àṣẹ ìjọ kan, ṣùgbọ́n kò fi ìwàásù sílẹ̀. Èyí fi hàn pé ìbéèrè nípa ẹni tí ó ni eré kò tíì tán.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ìwé ètò ìsìn tí a ń tẹ̀ fún ọjọ́ ìkórè, ìwé ìpàdé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kọ, àti orin tí ó wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà nínú ìjọ, ohun ìwádìí ni gbogbo wọn. Bébà a máa gbó, ẹni tí ó mọ orin a sì máa kú. Dúró Ládípọ̀ kú ní 1978, Ògúǹdé kú ní 1990. Iṣẹ́ tiwọn wà nínú ìwé, nínú àwo àti nínú fíìmù. Ìyá tí ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú orin ẹgbẹ́ kí ó lè bá ohùn mu, tí gbogbo ìjọ sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní, kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Títí a ó fi wá orúkọ rẹ̀ kàn, ìdajì ìtàn eré orí ìtàgé Yorùbá ni ó wà lọ́wọ́ wa.